Pupa Wo?

Bí ẹ bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni ọkọ mi ń ṣe, ẹ kọ́kọ́ wá ìjókòó. Ọkọ mi ń wọ àwọsánmọ̀ láṣọ. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, torí gbogbo ọ̀nà mìíràn tí mo ti gbà sọ ọ́ ló ti dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ kó dé àdúgbò yìí, mo sọ fún onílé wa pé àwọ̀ ló máa ń yàn níbi iṣẹ́. Inú onílé dùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé garawa ọ̀dà mẹ́ta àti búrọ́ọ̀ṣì wá síwájú ilẹ̀kùn wa, ó ní kí ọkọ mi bá òun fi ògiri ẹ̀yìnkùlé bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi kì í lè sọ pé rárá fún àgbàlagbà. Sátidé méjì ló fi kun ògiri náà, ó sì burú débi pé àwọn ewúrẹ́ kì í fara ti ibẹ̀ mọ́. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Aláwọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní ìgbà kẹrìnlá, tó fi wá yé mi. Ẹ̀rọ kan wà lókè lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní sátẹ́láìtì. Kì í ṣe pé ó ń ya fọ́tò bí ẹ̀yin àti èmi ṣe ń fi fóònù yà á. Nọ́ńbà ló ń fi ránṣẹ́: ibí yìí gbóná tó báyìí, ibẹ̀ yẹn tutù tó báyìí. Àwọsánmọ̀ tó bá ga fíofío máa ń tutù ju omi dídì lọ, irú rẹ̀ ló sì máa ń gbé òjò ńlá. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè wo ẹgbàágbèje nọ́ńbà kó mọ̀ bóyá kí òun mú agbòjò dání. Ẹnì kan ní láti jókòó ti kọ̀ǹpútà, kó kọ kóòdù tó máa pàṣẹ fún un pé, nọ́ńbà yìí, kó wọ àwọ̀ eérú. Nọ́ńbà tọ̀hún, kó wọ pupa. Ẹni yẹn ni ọkọ mi. Wọ́n ń sanwó fún un lórí ẹ̀, mo ti fojú ara mi rí i.

Jẹ́jẹ́ ló ń ṣe tirẹ̀. Láti ọdún mẹ́tàlá tí mo ti wà nílé rẹ̀, n ò rí i kó bá ẹnikẹ́ni jà rí, àfi òṣùmàrè. Ó ní àwọn kan wà tí wọ́n máa ń kó gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè bo àwòrán ojú ọjọ́, pé ó ń dán, pé ó wuni. Ó ní irọ́ ni òṣùmàrè ń pa. Ó ní nọ́ńbà lè máa gòkè díẹ̀díẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí òṣùmàrè ṣàdédé fò láti orí àwọ̀ ewé bọ́ sórí àwọ̀ mìíràn, kí ẹni tó ń wò ó máa rò pé ògiri wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ògiri kankan ò sí. Mo ní, "Ògiri wo tún nìyẹn?" Ó wo ojú mi, ó rántí ti onílé, ó sì padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá àgbà wọn ní ọ́fíìsì ojú ọjọ́ wá sọ pé àwọn fẹ́ máa fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ará ìlú ní àràárọ̀, ọkọ mi ni wọ́n gbé àwọ̀ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la ò fi rí orí tábìlì jẹun. Ìwé ló kún un. Ó tẹ àwòrán kan náà ní oríṣi àwọ̀ mẹ́tàlélógún, ó tò wọ́n kalẹ̀, ó ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pe ọmọ wa obìnrin. Ó pe èmi. Ó pe ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tí kì í sì í fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ẹnikẹ́ni. Màmá wo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún, ó ní, "Gbogbo ẹ̀ náà ni òjò." Ó padà lọ jókòó.

Kò tán síbẹ̀. Ó tún tẹ gbogbo wọn ní dúdú àti funfun, ó ní àwọ̀ tó bá ń sọ òtítọ́ gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ bí wọ́n bá tiẹ̀ bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Bàbá kan tún wà lọ́fíìsì wọn tí ojú rẹ̀ kì í lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé. Nítorí bàbá yìí, ọkọ mi yọ gbogbo àwọ̀ ewé kúrò. Nígbà tó yá, ó wá kù mẹ́ta: àwọ̀ eérú fún ibi tí ojú ọ̀run ti mọ́, yẹ́lò fún àwọsánmọ̀ fẹ́lẹ́ tí kò lè ṣe nǹkan kan, pupa fún ibi tí òjò ńlá ti ń bọ̀. Ọ̀kan ń yọ́ wọnú èkejì láìsí ògiri. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, ó rẹwà. Mo sọ fún un pé ó rẹwà, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti jẹun.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ sísàlẹ̀ àwòrán. Ẹ̀rọ tó ń fi í ránṣẹ́ kò lè gbà ju ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ lọ. Ọkọ mi tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yan àwọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi kọ ọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ pé, "Ibi tó bá pupa, òjò ńlá ń bọ̀ níbẹ̀." Ó ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ la ń sọ fún ọmọlúàbí. A ó padà débẹ̀.

Èmi ní tèmi, alágbàfọ̀ ni mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń fọ kọ́là ẹ̀wù fún àwọn àpọ́n àdúgbò yìí, ẹ̀wù kan lónìí, ṣòkòtò kan lọ́la, ẹyọ ìbọ̀sẹ̀ tí ò ní ìkejì. Okùn mẹ́fà ni mo ní lẹ́yìnkùlé, kò sọ́jọ́ kan tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kún rí. Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ẹ̀rọ ìfọṣọ ọsibítù tó wà lópin òpópónà wa dẹnu kọlẹ̀ pátápátá, Olórí Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo lọ bá a. Obìnrin gíga ni, tó máa ń wo ènìyàn láti orí gíláàsì ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ibi tí abẹ́rẹ́ máa wọlé. Ó ka ọgọ́ta aṣọ funfun fún mi.

"Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́," ló wí. "Ọgọ́ta. Kó gbẹ, kó funfun, kó má ku ọ̀kan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwọ ni wàá máa fọ ọ́ lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má da ara rẹ láàmú láti padà wá."

Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí. N ò ní fi pa mọ́. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ń ka ọgọ́ta lójú oorun. Mo fẹ́ kí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n tó darúgbó.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, tí ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, tí ọmọ wa ti lọ sílé ẹ̀kọ́, mo fọ ọgọ́ta, mo ṣan ọgọ́ta, mo fún ọgọ́ta. Ọwọ́ mi ti bó. Bí mo ṣe gbé agbọ̀n àkọ́kọ́ jáde láti lọ sá wọn ni fóònù mi dún. Àwòrán àkọ́kọ́ dé. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn, iṣẹ́ ọkọ mi nìyẹn lórí fóònù gbogbo ìlú. Mo wo àdúgbò wa. Ó pupa. Mo wo àdúgbò kejì. Ó pupa. Láti etí omi títí dé orí òkè, pupa ló bò ó. Mo ka ohun tó wà nísàlẹ̀: ibi tó bá pupa, òjò ńlá ń bọ̀ níbẹ̀.

Mo gbé agbọ̀n padà wọlé.

Kì í ṣe èmi nìkan. Káfíńtà òdìkejì ti ń kó pákó rẹ̀ wọlé, ó ń sáré. Oníbúlọ́ọ̀kù tó wà ní ìkángun ti ń fi ọ̀rá bo búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ. Onílé wa gbé abọ́ àti àwo síbi tí òrùlé ti ń jò. Gbogbo wa ń kí ara wa pé ẹ kú ìmúra, pé ọpẹ́lọpẹ́ Aláwọ̀. Mo ń gbéraga. Mo na okùn láti ojú fèrèsé dé ara kọ́bọ́ọ̀dù, láti kọ́bọ́ọ̀dù dé ilẹ̀kùn yàrá. Mo fi aṣọ kọ́ orí àga, orí ilẹ̀kùn, orí tẹlifíṣàn. Màmá wà láàárín gbogbo rẹ̀ lórí àga rẹ̀, ó kọ̀ kò dìde. Nígbà tí aago mọ́kànlá lù, ó ní ẹyin òun dà. Ẹyin sísè méjì ni Màmá máa ń jẹ lójoojúmọ́ láago mọ́kànlá, kódà kí ilé máa jó. Mo se é, kò jinná tán torí mò ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Ó jẹ ẹ́ níbẹ̀, lábẹ́ aṣọ funfun, bí ẹni tó wà nínú àgọ́.

Mo ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ tútù kó lè gbẹ. Èéfín ń rú. Lẹ́yìn tí mo lọ mọ́kànlá, iná lọ. Mo yọjú síta. Oòrùn ń ràn. Kì í ṣe oòrùn tó ń ṣẹ́jú, èyí tó ń jáni lára ni. Kò sí àmì òjò níbì kankan.

"Òjò yìí mà ń pẹ́ o," Màmá wí láti inú àgọ́ rẹ̀.

"Ó ń bọ̀, Màmá. Ọmọ yín ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mo gbà á gbọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé mo gbà á gbọ́ títí ó fi di aago kan ọ̀sán.

Aago kan kọjá díẹ̀ ni mo gbọ́ tí ẹnì kan kí wa pé ẹ kú ilé. Mo gbọ́ tó kọlu àga. Mo gbọ́ tó ní, "Ẹ̀yin dà?" Ọkọ mi ni. Fóònù ọ́fíìsì wọn ò dákẹ́ láti àárọ̀, àwọn ènìyàn ń bèèrè pé òjò dà, ọ̀gá àgbà sì ní kó lọ wo ìgboro fúnra rẹ̀ kó wá sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ti ń bi í. Káfíńtà bi í. Oníbúlọ́ọ̀kù ò tiẹ̀ bi í, ó kàn wò ó.

Ó fi orí gbé aṣọ kan sókè, ó rí mi. Áyọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Kí ló dé tí aṣọ wà nínú ilé?"

"Òjò."

"Òjò wo? Níbi tí oòrùn mú tó yìí?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín: ẹ̀yin ni mo máa ń pe ọkọ mi. Ẹ káàbọ̀, ẹ wá jẹun, ẹ má bínú. Ọjọ́ tí mo bá bọ́ "ẹ" sílẹ̀ tí mo mú "o," ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́.

"Ìwọ lo ní ibi tó bá pupa," ni mo wí.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó. "Níbo ló ti pupa níbí?"

Mo fi ìka tútù tẹ orí àdúgbò wa. Ó wo ìka mi, ó wo ojú mi.

"Èyí kì í ṣe pupa. Yẹ́lò nìyí. Yẹ́lò ní kò sí nǹkan kan."

"Yẹ́lò. O ṣeun. Kí là ń pe yẹ́lò ní èdè tí ìyá tó bí ọ ń sọ?"

Ó ní, "Àwọ̀ ìyeyè," bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ká lọ́wọ́ kò.

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Màmá bèèrè láti ẹ̀yìn aṣọ kẹta.

Màmá dìde. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dìde láti àárọ̀ nìyẹn. Ó jáde sí wa, ààbọ̀ ẹyin tó fi pa mọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sí ọmọ rẹ̀ nímú.

"Ọmọ mi, kí lèyí?"

"Ẹyin ni, Màmá."

"Ti ẹ̀gbẹ́ yìí ńkọ́?"

"Funfun ẹyin."

"Ti àárín yìí?"

Mo rí i tó ń wá ọ̀nà àbáyọ, kò sí. Aṣọ tútù ló yí i ká.

"Ti àárín yìí ńkọ́? Ìwọ tó jẹ́ pé láti kékeré lo ti ń sunkún pé kí n bá ọ yọ ọ́ kúrò. Kí lo máa ń pè é?"

"Pupa ẹyin," ni ọkọ mi wí, ó sì jókòó sílẹ̀.

Ó bo ojú. Ó ní, "Mo ro ti ẹni tí ojú rẹ̀ ò pé. Mo ro ti ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ ní dúdú àti funfun. Ojú ni mo rò, n ò ro ẹnu." Bí kì í bá ṣe pé aṣọ mọ́kàndínláàádọ́ta tútù wà lórí mi, ǹ bá ṣàánú rẹ̀. Àmọ́ aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ti lù, aago mẹ́rin sì ni mo ṣèlérí. Mo bú sẹ́kún. Mo ní ọdún mẹ́sàn-án, mo ní kọ́là ẹ̀wù, mo ní ìbọ̀sẹ̀ tí ò ní ìkejì. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Kò bá mi jiyàn. Ó dìde, ó gbé agbọ̀n. Àwa méjèèjì sá gbogbo aṣọ síta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun ló ń na, èmi ni mò ń fi pẹ́ẹ̀gì mú un. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kún. N ò tiẹ̀ ráyè wò ó.

Nígbà náà ló ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí ìkòkò omi tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, torí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwòrán tuntun ń dé. Ó wò ó. Ó tún un wò. Ó ní, "Ìyá ọmọ mi, òjò ń bọ̀."

"Aláwọ̀, má dá mi lágara."

"Òjò ń bọ̀ lóòótọ́. Wò ó lẹ́yìn òkè yìí. Pupa nìyí."

"Pupa wo?" ni mo wí.

"Ti ẹ̀jẹ̀," ló wí. "Kì í ṣe ti ẹyin." Ó ń fi ìka wọn ojú kọ̀ǹpútà, ó ń fẹnu ka nǹkan. "Yóò dé ibí láago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Aṣọ yóò gbẹ láago mẹ́ta ku ogún. Bí a bá kó o ṣáájú ìgbà yẹn, ó ṣì tutù. Bí a bá jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, òjò á ká a mọ́ta."

Màmá ní kí a kó o wọlé kíá. Ó ní ènìyàn kì í ti ibì kan náà ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Mo wo ojú ọ̀run, ó mọ́ roro. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí mo bá kó o, n kò ní aṣọ gbígbẹ. Bí n kò bá kó o, tó bá tún ṣìnà, n kò ní aṣọ rárá. Mo wo ọkọ mi. Ìrì òógùn wà lórí imú rẹ̀. Mo wá rí i pé ojú ọkùnrin yìí ò tíì parọ́ fún mi rí láti ọdún mẹ́tàlá, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń ṣìnà.

"Kó wà níbẹ̀," ni mo wí. "Títí di mẹ́ta ku ogún."

A dúró. Ó ń wo aago, mo ń fọwọ́ kan etí aṣọ. Nígbà tó di aago méjì àbọ̀, atẹ́gùn tútù fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dáwọ́ dúró. Ẹ̀yìn òkè dúdú. Ọkọ mi sáré bọ́ sójú pópó, ó ń pariwo fún káfíńtà pé òjò ń bọ̀. Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ to pákó rẹ̀ padà síta ni. Ó ní, "Aláwọ̀, ẹ lọ tan ẹlòmíràn." Oníbúlọ́ọ̀kù jókòó sórí ọ̀rá tó ká kúrò lórí búlọ́ọ̀kù, ó ń jẹ̀pà.

Mẹ́ta ku ogún, ó ní, "Ó yá." Aṣọ gbẹ, ó le koko lọ́wọ́. A kó o, Màmá náà kó o, a ń jù ú sọ́wọ́ ara wa. Aṣọ tó gbẹ̀yìn wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni òjò já lu òrùlé bí ẹni da òkúta. Ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ló fi ṣì í. Láti ojú fèrèsé, mo rí káfíńtà tó ń sá tẹ̀lé pákó rẹ̀, oníbúlọ́ọ̀kù sì dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ọ̀rá kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa.

A ká ọgọ́ta, a fi ọ̀rá wé e, a háyà ọkọ̀. Aago mẹ́rin ku mẹ́wàá la dé iwájú Olórí Nọ́ọ̀sì. Ọkọ mi dúró lẹ́yìn mi, ọ̀rá wà lórí rẹ̀ bíi fìlà. Obìnrin náà ò kí òjò, kò kí ọ̀nà. Ó ń tú aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e sójú fèrèsé, ó ń kà. Ó ka ogún. Ó ka ogójì. Nígbà tó di ìkẹtàlélógójì, ó dáwọ́ dúró, ó ti gíláàsì rẹ̀ sókè.

"Èyí pupa," ló wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tó kàn ti jáde, n ò mọ̀. Mo ní, "Pupa wo, Mà?"

Ó gbé ojú sókè. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì tó wà níbẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Kí lo bi mí?"

"Ẹ má bínú, Mà. Mo ní pupa wo. Pupa bí ẹ̀jẹ̀ ni àbí pupa bí ẹyin?"

Ó wo aṣọ náà dáadáa. Ó fi èékánná ha á. "Bí ẹyin," ló wí. Ó gbóòórùn rẹ̀. "Ẹyin gan-an ni."

Màmá. Ẹyin tí ò jinná tán, lábẹ́ àgọ́. N ò mọ irọ́ tí mo lè pa tó máa dára ju òtítọ́ lọ, mo bá ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí àwòrán dé orí ẹyin. Òjò ń rọ̀, kò sí ibi tí ẹnì kankan lè lọ. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ojú rẹ̀ ń le sí i.

"Ó túmọ̀ sí pé ọkọ rẹ ló ní kí n ti gbogbo fèrèsé wọ́ọ̀dù mi láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀," ló wí. "Àwọn aláìsàn mi ń làágùn bí ẹni tó ń gún iyán. Mo ti ń wá ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn láti ọ̀sán."

Mo mọ̀ pé ó ti parí. Ọkọ mi ṣí ọ̀rá kúrò lórí. "Èmi ni, Mà," ló wí. "Ẹ má fi ìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ẹ́."

Ó wò ó látòkè délẹ̀, ó fa ìwé ńlá kan jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó ṣí i. "Bí nọ́ọ̀sì mi kan bá kọ ọ́ síbí pé ohun tí aláìsàn hú jáde pupa, mo máa ń dá ìwé náà padà fún un. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ méjì péré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀." Ó na ìwé náà sí wa. Ní ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ ẹ̀jẹ̀, ó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: Pupa wo? "Ènìyàn lè kú láàárín pupa kan sí pupa kejì. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń kọ́ wọn. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi èmi."

Ó padà sórí aṣọ, ó kà á parí.

"Ọgọ́ta ni mo ní," ló wí. "Mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mo rí." Ó ká aṣọ ẹlẹ́yin, ó gbé e lé ọkọ mi lọ́wọ́. "Ẹni tó kọ pupa ni kó fọ èyí fúnra rẹ̀, kó gbé e wá lọ́la. Ìwọ," ó yíjú sí mi, "lọ sẹ́yìn, kí wọ́n kó tòní fún ọ. Ọgọ́rin ni."

Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi délé. Ọkọ mi rò pé inú ń bí mi, ó ń bẹ̀ mí. Mo jẹ́ kó bẹ̀ mí.

Lówùúrọ̀ Ẹtì, ó gba àyè wákàtí méjì níbi iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. Mo jókòó tì í. "Omi tútù ni," ni mo wí. "Bẹ́ ẹ bá fi omi gbígbóná sí i, ẹyin á jinná sára aṣọ." Ó gbọ́ "ẹ" tó wà níbẹ̀, n ò rò pé ó gbọ́ ìyókù. Ó ń fọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, ó pè mí pé kí n wá wo bí àbàwọ́n náà ṣe ń yọ́ lọ sínú funfun díẹ̀díẹ̀ láìsí ògiri, pé irú ẹ̀ gan-an lòun ti ń wá, pé kí n bá òun mú fóònù wá. Mo ní kó máa fọṣọ.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ọṣẹ nígbà tí àwòrán ọjọ́ yẹn dé. Ó ti fi ọ̀rọ̀ tuntun ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ọ̀gá àgbà ti sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, àmọ́ àwọn tó pè é lórí fóònù ti pọ̀ jù, ó fọwọ́ sí i. Màmá bọ gíláàsì ojú, ó kà á sókè fún gbogbo ẹ̀yìnkùlé gbọ́: "Ibi tó bá pupa bí inú ẹyin, ẹ sá aṣọ yín. Ibi tó bá pupa bí ẹ̀jẹ̀, ẹ kó o wọlé."

Ó wo àdúgbò wa lórí fóònù. Ó gbójú sókè wo ọgọ́rin aṣọ funfun lórí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

"Ẹyin mi nìyẹn," ló wí, ó sì bèèrè pé aago mélòó ló lù.